Nígbà tí Inú Bá ń Run Ìkókó



Ní Ẹjìgbò àti agbègbè rẹ̀, bí ìkókó bá ń ké lálẹ́, tí ó ń ká ẹsẹ̀ mọ́ inú, ìyá ọkọ a gbé àgbo wá. Ará ilé tí ó ti Àbíjàn dé a mú oògùn inú ìgò wá. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún 2008. Oògùn eyín ọmọdé kan, My Pikin, tí májèlé wà nínú rẹ̀, ba kíndìnrín àwọn ọmọ jẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ó lé ní 80 tí ó kú. Bí èyí tí a lẹ ìwé mọ́ lára bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, àgbo tí a kò mọ ìwọ̀n rẹ̀ ńkọ́?

Inú rírun yìí sábà máa ń le jù ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, a sì máa lọ fúnra rẹ̀ ní oṣù 3 sí 4. Nítorí náà ni oògùn tí a lò kẹ́yìn ṣe ń gba ọpẹ́.

Ẹ gbé ọmọ nàró lẹ́yìn ọmú kí ó gùnfẹ̀. Ẹ dà á délẹ̀ lórí itan, kí ẹ máa fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Ọmú nìkan ni kí ó mu títí di oṣù 6. Bí ara rẹ̀ bá gbóná, tí èébì rẹ̀ ní àwọ̀ ewé, tí ìgbẹ́ rẹ̀ lẹ́jẹ̀, tàbí tí ó kọ ọmú, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Kí ni ẹ ó wá wí fún ìyá ọkọ? “Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi pọ̀n ọ́n ná.” Ẹ̀yìn ìyá àgbà kò ní májèlé.