Ọ̀mì Nínú Ayò àti Nínú Ṣẹ́ẹ̀sì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ilẹ̀ Ìbàràpá, láti Igbó-Ọrà dé Èrúwà, tí ẹ mọ ayò í ta, tí ẹ sì ń kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, a ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Nítorí àṣà tí ẹ bá mú wá láti ìdí ọpọ́n lè gba ìdajì èrè yín lọ́wọ́ yín níbẹ̀.

Ọmọ ayò 48 ni à ń ta nínú ojú 12. Ẹni tí ó bá jẹ ju 24 lọ ni ó borí. Bí olúkúlùkù bá jẹ 24, ọ̀mì ni. Nígbà mìíràn ọmọ díẹ̀ a máa yí ọpọ́n ká láìsí ẹni tí ó lè jẹ wọ́n. Níbi púpọ̀, olúkúlùkù yóò kó èyí tí ó wà lọ́dọ̀ rẹ̀, a ó sì kà wọ́n. Èyí tí ẹ ti jẹ, ó di tiyín.

Ṣẹ́ẹ̀sì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè ti pa ọ̀pọ̀ ọmọ-ogun ẹnìkejì, kí gbogbo rẹ̀ sì di ọ̀mì, nítorí pé ó ń fi ayaba rẹ̀ lé ọba yín kiri láìsinmi. Ọba tí a halẹ̀ mọ́ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà sílẹ̀. Nítorínáà ẹni tí à ń lé kò ráyè ṣe ohun mìíràn.

Ẹ tẹ́ pátákó kí ẹ wò ó. Ẹ fi ọba dúdú sí g8, ọmọ-ogun rẹ̀ kan sí g7, rúùkù rẹ̀ méjì sí a2 àti b2. Ọba funfun sí g1, ayaba rẹ̀ sí h5. Funfun ni ó kàn. Bí ó bá jáfara, rúùkù yóò sọ̀ kalẹ̀ sí a1, ọ̀ràn bùṣe. Ṣùgbọ́n ayaba lọ sí e8: ọba dúdú kò ní ibòmíràn ju h7 lọ. Ayaba padà sí h5: ọba padà sí g8. Títí ilẹ̀ yóò fi ṣú! Bí ipò kan náà bá wáyé lẹ́ẹ̀kẹta, tí ẹni kan náà ni ó kàn láti ta, ó lè sọ fún onídàájọ́ pé ọ̀mì ni; láti 2014, bí ó bá di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, onídàájọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò dá eré dúró. Olúkúlùkù yóò gba ìdajì, bí ìbejì Igbó-Ọrà.

Àwọn kan yóò pe èyí ní ìwà ojo. Àwa kò gbà. Ní Vienna ní 1872, Philipp Meitner (bàbá Lise Meitner, obìnrin onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nì) mọ̀ọ́mọ̀ yọ̀ǹda ayaba rẹ̀ fún Carl Hamppe láti pa, kí ó lè fa ọba rẹ̀ jáde. Àwọn tí ó kù ni ó fi lé e títí tí wọ́n fi ta ọ̀mì. Ojo kì í dán irú rẹ̀ wò.

Ẹ padà sí pátákó yín. Ẹ fi ọmọ-ogun dúdú kan kún un ní f7, kí ẹ sì tún gbìyànjú rẹ̀: ọ̀nà láti h5 sí e8 ti dí, ìlépa náà kò sì lè bẹ̀rẹ̀. Irú ọmọ-ogun kékeré bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń borí máa ń kánjú fi tọrẹ.