Paramọ́lẹ̀ Aláwọ̀ Ewé ti Arunachal
Lọ́dún 2020 ni àwọn onímọ̀ kéde irú paramọ́lẹ̀ kan tí wọ́n rí nínú igbó Arunachal Pradesh ní Íńdíà. Trimeresurus salazar ni wọ́n sọ ọ́; Salazar jẹ́ orúkọ oṣó kan nínú ìtàn Harry Potter. Ta ló ní àwọn onímọ̀ kì í ṣàwàdà?

Aláwọ̀ ewé ni, bẹ́ẹ̀ àwọn ìbátan rẹ̀ aláwọ̀ ewé pọ̀ lọ súà. Ilà pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí akọ rẹ̀ wà lára ohun tó yà á sọ́tọ̀. Wọ́n ka ìpẹ́ rẹ̀, wọ́n sì yẹ DNA rẹ̀ wò. Láàárín ojú àti imú rẹ̀ ni ihò tó fi ń mọ ooru ara eku lókùnkùn wà. Paramọ́lẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà kò ní irú ihò yìí.

Bí ó bá wá ṣán èèyàn ńkọ́? Ejò mẹ́rin péré ni abẹ́rẹ́ apa-oró-ejò tí wọ́n ń lò jù ní Íńdíà wà fún. Kò sí paramọ́lẹ̀ oníhò kankan nínú wọn.