Ẹ Wo Iyọ̀ Yín Kí Ẹ Tó Bú Orí Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí lè bí àwọn kan nínú, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ta iyọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á tán ná.

Bí ọmọ kan kò bá tètè rìn, tí kò tètè sọ̀rọ̀, tí ohun tí olùkọ́ ń sọ kò yé e, kí ni a máa ń wí? A ní olórí burúkú ni. A ní ìyá rẹ̀ ló jẹ èèwọ̀. Àwọn mìíràn á ní àjẹ́ ló jẹ ọpọlọ rẹ̀. Mo ní irọ́ ni! Ohun tó ń fa irú èyí pọ̀, n kò sọ pé ẹyọ kan ni. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà nínú wọn tí àwa fúnra wa ń fi owó rà lọ́jà.

Ẹ fi ọwọ́ kan iwájú ọrùn yín, nísàlẹ̀ gògóńgò. Ẹran kékeré kan wà níbẹ̀ tó rí bí labalábá. Tàìrọ́ìdì ni àwọn dókítà ń pè é. Ó ń ṣe oje kan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri ara. Iyódì ló fi ń ṣe oje náà. Iyódì yìí kò pọ̀ rárá: bí ẹ bá pín gíráàmù kan sí ọ̀nà 6000, ẹyọ kan tó àgbàlagbà fún ọjọ́ kan. Ti aboyún ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pín in sí 4000. Bí kò bá sí iyódì, ẹran náà á wú, òun ni gẹ̀gẹ̀. Gẹ̀gẹ̀ là ń rí. Èyí tí a kì í rí ló burú jù.

Ọpọlọ ọmọ nínú oyún dà bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Oje yìí ló ń jẹ́ kí ọpọlọ lo oúnjẹ tí ẹ̀jẹ̀ gbé wá láti fi kọ́ ara rẹ̀, kí ẹ̀ka rẹ̀ yọ, kí ẹ̀ka kan lè ránṣẹ́ sí èkejì kíákíá. Ní oṣù àkọ́kọ́, ọmọ kò tíì lè ṣe oje tirẹ̀. Ti ìyá ló ń lò. Bí ti ìyá kò bá tó, níbo ni ọmọ yóò ti rí i?

Àgbàlagbà tí oje yìí kò tó lára rẹ̀, á máa rẹ̀ ẹ́, òtútù á máa mú un. Bó bá lo oògùn, ara rẹ̀ á padà bọ̀ sípò. Ti ọmọ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ìgbà ìkọ́lé bá ti kọjá, oògùn tó pẹ́ kí ó tó dé kò lè tún gbogbo rẹ̀ kọ́.

Àwọn ọmọ mìíràn wà tí ìyá wọn jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọ́n bí wọn láìní tàìrọ́ìdì tó ń ṣiṣẹ́. Láti ọdún 1974 ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ní gìgísẹ̀ ọmọ tuntun ní Quebec, ní Kánádà, láti mọ̀ ọ́n. Ọmọ tó bá rí oògùn lò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ a máa dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Tiwa ńkọ́? Ọmọ ń sùn ṣáá, kì í sunkún, ahọ́n rẹ̀ tóbi, ìgbẹ́ rẹ̀ ń há, ojú rẹ̀ pọ́n lọ títí, a sì ń yìn ín pé ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í yọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu! Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí iyọ̀. Láti ọdún 1922 ni àwọn ará Switzerland ti ń fi iyódì sínú iyọ̀ nítorí gẹ̀gẹ̀. Ní àríwá Benin wa níbí, àwọn olùwádìí dán àwọn ọmọ ilé-ìwé wò ní àkókò tí iyọ̀ oní-iyódì ń wọ ọjà ibẹ̀. Àwọn tí iyódì ara wọn pọ̀ sí i ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ nínú ìdánwò ọpọlọ. Ọdún 2000 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Òǹtajà á ní, “Inú òkun ni iyọ̀ tèmi ti wá, kí ló tún kù?” Iyódì wà nínú òkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀ kín-ún ló ń kù nínú iyọ̀ tí a bá sè tàbí tí a sá. Bí wọn kò bá fi sí i, kò sí i. Òmíràn á ní tòun ló pọ́ jù. Ó pọ́ lóòótọ́. Ọmọ ló ń san èyí tó kù.

Ẹ̀yin tí ẹ sì ń tú iyọ̀ rere sínú abọ́ gbayawu nínú oòrùn láti àárọ̀ dé alẹ́, iyódì rẹ̀ ń lọ. Ẹ bò ó. Ẹni tó ń sè é, kí ó fi í sọ́bẹ̀ nígbà tí ó bá kù díẹ̀ kí ó jinná. N kò ní kí ẹ jẹ iyọ̀ púpọ̀ o, ẹ̀jẹ̀ ríru ń bẹ. Ìwọ̀n tí ẹ ń jẹ náà ni, kí ó ṣáà jẹ́ èyí tó ní iyódì.

Ẹ ti mọ̀wé kà báyìí. Bí ẹ bá dé ọjà, ẹ ní kí wọ́n fi àpò tí wọ́n ti bu iyọ̀ hàn yín. Ẹ wá ọ̀rọ̀ Faransé méjì yìí lára rẹ̀: sel iodé. Bí òǹtajà bá ní òun kò ní irú rẹ̀, ẹ bi í ní ọjọ́ ọjà tí yóò gbé e wá.