Ta Ní Ń Ṣọ́ Ọmọ Yìí?

 Bí ìsinmi Kérésìmesì bá ti ń kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọmọ máa ń bi òbí wọn: níbo ni a ó lọ? Ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ti ń fẹ́ kúrò láàrin ariwo ìlú fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n lọ pàgọ́ síbi tí òkè àti odò wà, kí ọmọ lè mọ ẹyẹ yàtọ̀ sí adìẹ. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú yín yóò wí pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ kí ó lọ sùn sínú igbó.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun kan. Ní Akànràn àti ní àwọn abà tí ó yí i ká, ta ni ìyá rẹ̀ àgbà kò lọ sí oko lọ sùn rí? Nígbà tí iṣẹ́ kòkó tàbí ti iṣu bá dé, gbogbo ilé ni yóò di ẹrù: ẹní, ìkòkò, àtùpà, iyọ̀, ata gbígbẹ, aṣọ ìbora. Wọn yóò lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ní ahéré, ọmọ wọn kò sì ní sọnù, ebi kò sì ní pa ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá wa mọ̀ nípa àgọ́ pípa ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Àṣírí wọn kò ju ọ̀kan lọ: ní abà, kò sí iṣẹ́ tí kò ní olúwarẹ̀. Ẹni tí ń pọnmi mọ ara rẹ̀, ẹni tí ń ṣẹ́gi mọ ara rẹ̀, ìyá arúgbó tí kò lè lọ sóko mọ̀ pé òun ni òun ń ṣọ́ ọmọ.

Èmi fúnra mi gbàgbé àṣírí yìí nígbà kan. Ìdílé wa àti ìdílé àbúrò ọkọ mi ni a jọ lọ sùn sétí odò kan. Àgbà márùn-ún ni wá, ọmọ mẹ́fà ni a kó lọ́wọ́. Èmi ń dín ẹja, ọkọ mi ń so okùn àgọ́, àwọn yòókù ń já ẹrù. Mo rò pé ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rin, wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ rò pé ọ̀dọ̀ mi ni ó wà. Kò pẹ́ tí ìyá àgbàlagbà kan tí ó wá pọnmi fi fa ọmọ náà lọ́wọ́ wá bá wa. Aṣọ rẹ̀ tutù dé àyà. Ìyá náà kò bú wa. Ó kàn béèrè pé, "Ta ní ń ṣọ́ ọmọ yìí?" Àgbà márùn-ún ni ó wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè dáhùn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ètò àgọ́ pípa kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹrù. Orí orúkọ ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wá tò ó ní ẹsẹẹsẹ.

Èkíní: ẹ mọ ibi tí ẹ ń lọ. Fún àwa tí a wà ní agbègbè Ìbàdàn, ọ̀kan lára àwọn ọgbà ìjọba àpapọ̀ tí ó ní òkè àti odò tí ó sún mọ́ wa ni Old Oyo National Park. Ọdún 1936 ni wọ́n ti ya igbó náà sọ́tọ̀, ó sì di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní ọdún 1991. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 2,512 kìlómítà níbùú lóòró. Inú rẹ̀ ni ahoro Ọ̀yọ́-Ilé wà, olú-ìlú àwọn Aláàfin àtijọ́ tí ogun tú ní nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840. Odò Ògùn la inú rẹ̀ kọjá kí ó tó máa ṣàn lọ sí ọ̀sà Èkó, àpáta àti òkè sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹfọ̀n, àgbọ̀nrín àti ọ̀bọ wà nínú rẹ̀. Àwa tí a ń bọ̀ láti Akànràn yóò gba Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́, láti ibẹ̀ sí Ìsẹ́yìn, kí a tó kọjú sí ọ̀nà Ṣakí. Ìlú Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, tí ó wà láàrin Ṣakí àti Ìgbòho, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ẹnu ọ̀nà ọgbà náà.

Ẹ má ṣe dìde lọ láìbéèrè. Olú-iṣẹ́ ọgbà náà wà ní Ìsokùn, ní Ọ̀yọ́. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n gbà kí àlejò sùn, iye owó rẹ̀, ẹni tí yóò mú yín wọlé, àti ilé ìwòsàn tí ó sún mọ́ ibẹ̀ jù. Ní pàtàkì, ẹ béèrè bóyá ọ̀nà àti igbó náà tòrò ní àkókò tí ẹ fẹ́ lọ. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìròyìn àwọn agbébọn nínú igbó ilẹ̀ wa ní ọdún àìpẹ́ yìí. Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé kò tíì tòrò, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ẹ lè lọ sí Ìkọ̀gòsì ní Èkìtì, níbi tí odò gbígbóná àti odò tútù ti pàdé láàrin òkè, tàbí sí odò Olúmirìn tí ń já láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ètò tí kò gbà kí a sọ pé "ó di ìgbà mìíràn" kì í ṣe ètò.

Èkejì: ẹ yan àkókò. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó dára jù, nítorí pé nígbà òjò, odò lè kún lójijì bí òjò bá rọ̀ ní òkè odò, kódà bí kò tilẹ̀ rọ̀ níbi tí ẹ wà. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ máa ń mú ní òru, nítorí náà ẹ gbé aṣọ òtútù fún àwọn ọmọ. Bí ọmọ kan bá ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ẹ kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, nítorí pé òtútù àti àìmumi-tó lè gbé àìsàn náà dìde.

Ẹ̀kẹta: ẹ pín iṣẹ́ kí ẹ tó di ẹrù. Ẹ mú ìwé kan, ẹ kọ gbogbo iṣẹ́ sí apá òsì: pípa àgọ́, pípọnmi, dídáná, fífọ abọ́, títọ́jú àtùpà, ṣíṣọ́ ọmọ. Ẹ kọ orúkọ kan ṣoṣo sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí baálé ilé bá wí pé ti obìnrin ni ìdáná, ẹ fi ọ̀rọ̀ tútù rán an létí pé ní abà, ọkùnrin ni ó ń sun iṣu tí ó ń jẹ ní oko, kò sì sí ẹni tí ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó tí ó bá lọ se oúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ nínú igbó kò lọ sinmi rárá. Ó kàn gbé ilé ìdáná rẹ̀ lọ sí ibi tí kò ti sí omi ẹ̀rọ.

Ẹ̀kẹrin: oúnjẹ àti omi. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkọ, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta ṣe àpẹẹrẹ, fún òru méjì. Nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ṣírò omi mímu sí lítà mẹ́ta fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Fún ènìyàn márùn-ún, lítà 45 ni fún ọjọ́ mẹ́ta, èyí tí kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì yóò gbà. Omi odò wà fún ìfọṣọ nìkan. Bí ẹ kò bá rí ọ̀nà mìíràn ju kí ẹ mu ún, ẹ jẹ́ kí ó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan ó kéré tán, kí ẹ sì bò ó títí yóò fi tutù.

Ẹ má ṣe se ju ìkòkò gbígbóná kan lọ lóòjọ́. Bí mo ṣe máa ń tò ó nìyí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kìíní, ẹ jẹ mọ́ín-mọ́ín àti ẹ̀kọ tí ẹ sè ní òwúrọ̀, kí ó má tíì tutù tán. Ní alẹ́, iṣu sísè àti ata díndín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ògì gbígbẹ tí a pò, pẹ̀lú wàrà oníyẹ̀fun. Ní ọ̀sán, gaàrí, ẹ̀pà àti ẹja yíyan. Ní alẹ́, ìrẹsì àti ata díndín. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, búrẹ́dì àti ẹyin sísè, ó di ilé. Omi mímọ́ ni kí ẹ fi rẹ gaàrí o, kì í ṣe omi odò.

Ata díndín ni ọ̀rẹ́ arìnrìn-àjò. Ẹ dín in títí omi ara rẹ̀ yóò fi gbẹ tí òróró yóò fi yọ sókè, kí ẹ má sì bu omi sí i. Inú kúlà tí ó ní yìnyín ni kí ẹ gbé e sí, ṣíbí gbígbẹ ni kí ẹ máa fi bù ú, kí ẹ sì mú un hó dáadáa kí ẹ tó jẹ ẹ́. Oúnjẹ sísè mìíràn tí ó bá ti wà nílẹ̀ ju wákàtí méjì lọ nínú ooru, ẹ má ṣe fún ọmọ.

Ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá fi hàn yín nìkan ni kí ẹ ti dáná, nítorí pé koríko ìgbà ọyẹ́ kò gba iná mọ́ra. Ẹ pa iná náà pẹ̀lú omi títí eérú rẹ̀ yóò fi tutù. Bí òtútù ti wù kí ó mú tó, ẹ má ṣe gbé èédú tí ń jó tàbí sítóófù wọ inú àgọ́. Afẹ́fẹ́ olóró tí ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, a kò sì lè fi ojú rí i, ó sì lè pa gbogbo ìdílé sójú oorun.

Ẹ̀karùn-ún: ìlera. Àpò ìwòsàn yín gbọ́dọ̀ ní oògùn ibà àti ti ara ríro tí dókítà yín fọwọ́ sí, báńdéèjì, ọṣẹ, àti iyọ̀ ìtọ́jú ìgbẹ́ gbuuru tí ó wà nínú bébà. Bí ti inú bébà bá tán, ẹ po ṣúgà ṣíbí ìmutíì mẹ́fà àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí ìmutíì sínú lítà omi mímọ́ kan. Kí ṣíbí náà dọ́gba létí, kí ó má kún wẹ́rẹ́kẹ́. Ẹ ta àpò ẹ̀fọn olóògùn sínú àgọ́, kí ẹ sì gbọn bàtà kí ẹ tó wọ̀ ọ́ nítorí àkeekèé. Bí ejò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ má ṣe gbẹ́ ojú ibẹ̀, ẹ má ṣe fa ẹ̀jẹ̀ mu, ẹ má ṣe fi okùn dì í. Ẹ jẹ́ kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Odò náà ní ewu tirẹ̀. Omi tí kò ṣàn dáadáa, tí ìgbín omi wà nínú rẹ̀, lè kó àtọ̀sí ajá ran ọmọ tí ó bá wẹ̀ nínú rẹ̀. Níbi tí omi ti ń sáré láàrin àpáta, kòkòrò dúdú kékeré kan wà tí ń jẹ ènìyàn ní ọ̀sán, tí ó lè kó àrùn tí ń fọ́ ojú ràn wá. Aṣọ alápá gígùn àti ṣòkòtò ni kí àwọn ọmọ wọ̀.

Ẹ̀kẹfà ni èyí tí mo tìtorí rẹ̀ kọ gbogbo èyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú gbogbo ọjọ́ orí, àwọn ọmọ ọdún kan sí mẹ́rin ni omi ń pa jù. Ọmọ tí ń rì kì í sábà ké. Omi ti dí i lẹ́nu. Nítorí náà, àgọ́ yín gbọ́dọ̀ jìnnà sí etí odò. Ẹ wá mú aṣọ pupa kékeré kan dání. Ẹni tí ó bá so ó mọ́ ọwọ́ ni olùṣọ́. Kò gbọdọ̀ dáná, kò gbọdọ̀ fọ abọ́, kò gbọdọ̀ wo fóònù. Ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò lára àwọn ọmọ. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ó tú aṣọ náà, kí ó dá orúkọ ẹlòmíràn, kí ó sọ fún un pé, "Ìwọ ni o ń ṣọ́ ọmọ báyìí." Ẹni náà yóò dáhùn pé, "Èmi ni." Kí ó tó dáhùn, kí ẹni àkọ́kọ́ má ṣe kúrò.

Àwọn ọmọ mi ti dàgbà díẹ̀ báyìí. Ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ́jọ́ náà ni ó máa ń kọ́kọ́ wá aṣọ pupa náà bí a bá ń di ẹrù. Bí ó bá sì fi lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, èmi náà á tẹ́ ẹní mi sí abẹ́ igi, n ó sì sinmi, nítorí pé mo mọ orúkọ ẹni tí ó ń ṣọ́ ọmọ.

Mo kí yín kú ìmúrasílẹ̀. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó sì bọ̀ ire. Ó di oṣù tí ń bọ̀.