Àyẹ̀wò Kò Gbọdọ̀ Di Ti Olówó Nìkan

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní gáréèjì Emùré. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ síta lónìí.

Ó lé ní ogún ọdún tí Amẹ́ríkà ti ń fi owó ètò PEPFAR ran Nàìjíríà lọ́wọ́ lórí àrùn HIV. Ní January 20, 2025, wọ́n dá owó ìrànlọ́wọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè dúró. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbà kí oògùn tí ń gba ẹ̀mí là máa bọ̀, ṣùgbọ́n ní July 1, 2025, iléeṣẹ́ USAID kógbá sílé. Ní February 2025, Ìjọba Àpapọ̀ wa fọwọ́ sí bílíọ̀nù 4.8 náírà láti ra oògùn. A yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n oògùn nìkan kò tó.

Ẹni tí àrùn náà ti wọ̀ lára, tí CD4 rẹ̀, ìyẹn ọmọ-ogun inú ẹ̀jẹ̀, kò tó 200 mọ́, ikọ́ ife tàbí àrùn awọ ọpọlọ lè pa á kí oògùn HIV tó ràn án lọ́wọ́. Wọ́n lè fi ìtọ̀ wo ikọ́ ife, kí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ wo ti ọpọlọ. Bí wọ́n bá tètè rí wọn, méjèèjì ní oògùn. Ohun tí ń bà wá lẹ́rù ni pé, bí owó bá dín, àyẹ̀wò wọ̀nyí ni wọn yóò kọ́kọ́ gé.

Ẹ wo dírẹ́bà tí ń rù, tí orí ń fọ́, tí ń wúkọ́ lóru. Ó pa iṣẹ́ òòjọ́ tì, ó wọkọ̀ láti Emùré gba Ìkéré lọ sí Adó. Bí wọ́n bá ní kó lọ sanwó àyẹ̀wò níta, ilé ni yóò padà sí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pàdánù ẹni tí ìbá yè.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń fẹ́. Èkíní, ní Àbújá ní oṣù April 2001, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà ṣèlérí láti ya ìdá 15 nínú 100 owó ìnáwó ìjọba sọ́tọ̀ fún ìlera. Kí ìjọba àpapọ̀ àti ti Èkìtì mú ìlérí náà ṣẹ, kí owó àyẹ̀wò sì wà nínú rẹ̀. Èkejì, kí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kankan má lé ẹnikẹ́ni nítorí HIV. Òfin ọdún 2014 kọ̀ ọ́. Kí wọ́n má sì gé owó ọ̀yà ẹni tó lọ gba ìtọ́jú.

Ẹ̀kẹta kan àwa fúnra wa. Ẹ jẹ́ kí a yé pe àrùn yìí ní kògbóògùn. Ó ń gbóògùn. Ẹni tó bá ń lò ó déédéé lè ṣiṣẹ́, kó sì tọ́ ọmọ rẹ̀ dàgbà. Ìtìjú tí à ń dá sí ara wa lọ́rùn ló ń jẹ́ kí ènìyàn pẹ́ kó tó lọ.

Ojú olójú kì í jọ ojú ẹni. Bí àlejò bá ká ẹní rẹ̀, onílé kò ní sùn sí ìta. Ẹ jẹ́ kí a dìde.