Irọ́ Tó Wà Lára Páálí Áńpílífáyà

Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ láti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, tó ń gba Ìmọ̀tà àti Ìtòìkín kọjá, mọ̀ pé kì í ṣe ariwo ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń bá èrò rìn. Bí awakọ̀ bá ti fi orin fújì sí i, àga tí ènìyàn jókòó lé yóò máa gbọ̀n, gíláàsì fèrèsé yóò máa dún, ìlù náà yóò sì máa lu èrò láyà bí ẹni pé onílù jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Sìpíkà ńlá tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní wúfà, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, áńpílífáyà ló sì ń fún un lágbára. N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ràn ohùn ìlù. Orin tiwa gan-an kì í dùn láìsí ohùn ìsàlẹ̀: ẹ yọ àgídìgbo kúrò nínú àpàlà, kí ẹ wá wo ohun tó kù. Sìpíkà wẹ́wẹ́ tí wọ́n dè mọ́ ilẹ̀kùn ọkọ̀ kò lè gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bá jà ni ọ̀nà tí a ń gbà ra ẹ̀rọ yìí àti ọ̀nà tí a ń gbà so ó mọ́ ọkọ̀, nítorí pé owó ń ṣòfò níbẹ̀, ẹ̀mí sì wà nínú ewu.

Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, ohun tó ń ti òkè òkun wọlé ti gbówó lórí, ẹ̀rọ orin kò sì gbẹ́yìn. Ẹni tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ a gba ọjà Alábà lọ ní Ọ̀jọ́, tàbí kí ó yà sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìkòròdú, a sì bá páálí tí wọ́n kọ wáàtì 2,000 tàbí 3,000 sí lára gàdàgbà, ní iye owó tó rọjú. Ó rà á, inú rẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀.

Lọ́pọ̀ ìgbà, fíúùsì máa ń wà lára áńpílífáyà ní ibi tí wáyà iná ń gbà wọlé, wọn a sì kọ iye áńpíà tó lè gbà sí i lára. Ká ní 30 ni. Iná inú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kì í ju nǹkan bíi fóòtì 14 lọ. Ẹ sọ 14 di púpọ̀ ní ọ̀nà 30, wáàtì 420 ni yóò fún yín. Èyí ni gbogbo agbára tó lè máa wọ inú ẹ̀rọ náà fún ìgbà pípẹ́ kí fíúùsì tó já. Kì í sì í ṣe gbogbo ohun tó wọlé ló ń jáde bí orin. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Class AB a máa sọ nǹkan bí ìdajì di ooru. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi ń gbóná bí ìkòkò ọbẹ̀. Class D sàn jù, ó lè dá nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún padà. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ní fíúùsì 30 yóò fún wúfà ní nǹkan bíi wáàtì 210 tàbí, bó bá dára gan-an, 330. Níbo ni 3,000 ti wá? Láti ọwọ́ ẹni tó tẹ páálí ni.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí olùrajà máa wá ni RMS, ìyẹn agbára tí ẹ̀rọ lè máa gbé jáde láìsinmi. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi "max" àti "peak" kò já mọ́ nǹkan kan. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe irú ẹ̀rọ báyìí ti gbé ìlànà CEA-2006 kalẹ̀ láti ọdún 2003, èyí tó ti di CTA-2006 nísinsìnyí: fóòtì 14.4 ni kí wọ́n fi wọn agbára ẹ̀rọ, ìdàrúdàpọ̀ inú ohùn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Kì í ṣe òfin, ẹni tó bá wù ló ń tẹ̀ lé e, àmọ́ ilé iṣẹ́ tó bá kọ àmì rẹ̀ sára ọjà ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àyẹ̀wò. Lọ́dọ̀ tiwa, a ní àjọ SON tó ń rí sí ojúlówó ọjà, a sì ní FCCPC tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀ láti dáàbò bo oníbàárà. Òfin yẹn kò fàyè gba kí oníṣòwò fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn ta ọjà. Bí SON bá lè lé ayédèrú wáyà iná ilé kiri ọjà, kí ló dé tí páálí tó ń pa irú irọ́ yìí fi ń gba èbúté wọlé láìsí ẹni tó bi í léèrè?

Èrò tèmi ni pé tòkunbọ̀ tí ilé iṣẹ́ tó lórúkọ ṣe sàn ju tuntun tí a kò mọ bàbá rẹ̀ lọ. Kí ẹ sáà ní kí wọ́n so ó mọ́ bátìrì kí ẹ tó sanwó, kí ó kọrin fún ìdajì wákàtí, kí ẹ fi ọwọ́ kàn án, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Ohun tó ti jóná rí kì í fi òórùn rẹ̀ pamọ́. Ẹ wo ohm rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ̀rọ bá ní òun kò lè gbé ohun tó kéré sí ohm 4, tí wọ́n wá so wúfà méjì tó jẹ́ ohm 4 pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ohm 2 ni ẹ̀rọ náà yóò rí, yóò sì gbóná títí yóò fi dákẹ́. Wúfà kan ṣoṣo nínú àpótí tó dí dáadáa tó fún ọkọ̀ akérò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń dùn mí jù ni ọwọ́ tí a fi ń so ó. Oníbàárà ti ná gbogbo owó tán sórí ẹ̀rọ, ó wá ń bẹ rẹ́wáyà pé kó fi ohun tó bá rí so ó. Rẹ́wáyà yóò mú wáyà tín-ín-rín, yóò so ó mọ́ orí bátìrì tààrà, yóò lu ihò sí irin tó pààlà láàrin ẹ́ńjìnnì àti èrò, yóò fà á gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ sẹ́yìn, ó parí. Kò sí fíúùsì níbi bátìrì. Bí ẹ bá bi í, yóò ní fíúùsì wà lára áńpílífáyà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dáàbò bo wáyà gígùn tó wà láàrin méjèèjì. Ọkọ̀ ń gbọ̀n, etí ihò irin mú bí ọ̀bẹ, ọ̀nà wa sì kún fún kòtò. Lọ́jọ́ tí irin bá gé ara wáyà, iná yóò gba ara ọkọ̀ padà sí bátìrì láìdé ọ̀dọ̀ áńpílífáyà rárá. Bátìrì ọkọ̀ lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpíà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wáyà yóò pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, níbi tí ẹsẹ̀ èrò wà. Nínú ọ̀pọ̀ kòròpé, abẹ́ àga iwájú gan-an ni ẹ́ńjìnnì wà.

Ohun tí yóò dènà èyí kò wọ́n: fíúùsì ńlá kan tí kò jìnnà sí orí bátìrì ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, rọ́bà kékeré tí a fi bo etí ihò irin, àti wáyà tó jẹ́ kọ́pà látòkè délẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ha orí wáyà. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, kò sì lè gbé iná tó ojúlówó kọ́pà tó nípọn bíi tirẹ̀. Wáyà tó lọ sí ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kúrú, kí wọ́n sì ha ọ̀dà ibẹ̀ kúrò kí irin lè kan irin. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó FRSC ń béèrè ẹ̀rọ paná lọ́wọ́ awakọ̀. Ọ̀pọ̀ gbé e sínú ọkọ̀ nítorí FRSC, kì í ṣe nítorí iná.

Ọ̀rọ̀ kòròpé tún ní apá mìíràn. Ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó lítà kan, alternator tó ń pèsè iná fún wọn kò sì tóbi. Bí iná iwájú ọkọ̀ bá ń ṣẹ́jú bí ìlù ti ń dún, ẹ̀rọ náà ń jẹ ju ohun tí ọkọ̀ ń sè lọ. Àwọn kan a ní kí wọ́n fi bátìrì kejì kún un. Bátìrì kì í pèsè iná, ó ń tọ́jú rẹ̀ ni. Alternator kan náà ni yóò máa bọ́ méjèèjì.

Etí ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ènìyàn lè gbọ́ ohùn tó jẹ́ dẹ́sìbẹ́ẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀; bó bá di 90, wákàtí 4 péré lọ́sẹ̀ ni. Awakọ̀ tó jáde ní aago márùn-ún ìdájí lè lo wákàtí mẹ́rin yẹn tán kí oòrùn ọjọ́ Ajé tó kan àtàrí, ọjọ́ mẹ́fà sì kù nínú ọ̀sẹ̀. Ìyálọ́jà tó gbé ẹja láti Ẹ̀pẹ́ bọ̀ ní Ìkòròdú wà nínú ọkọ̀ náà pẹ̀lú, òun kò sì bẹ ẹnikẹ́ni pé kó fi ìlù lu òun láyà. Bó bá ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, dín in kù," kí awakọ̀ dín in kù. Owó ọkọ̀ ni màmá san, kò san owó agbo fújì.