Orin Kò Mọ Ọjọ́ Orí

Àwọn olùkọ́ kan tí wọ́n ti lé ní ogójì ọdún a máa wí pé ìgbà àtiṣe orin tuntun ti kọjá, tàbí pé ìmísí kò tíì dé. Àwáwí ni! Àgbẹ̀ wo ní í dúró de ìmísí kí ó tó gbé ọkọ́? Ẹni tí ó súnmọ́ àádọ́rin ọdún ni T. K. E. Phillips nígbà tí ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Kí olùkọ́ ya ìdajì wákàtí sọ́tọ̀ láràárọ̀, kí ó to ẹsẹ kan péré, kí ó sì wo ohùn orin mọ́ ohùn ọ̀rọ̀. Bí wọn kò bá ṣe déédéé, ‘ọkọ́’ a di ‘ọkọ̀’ lẹ́nu ọmọ. Etí àgbà ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Olùkọ́ tí ó bá kọ̀ ọ́ ń kọ́ ọmọ ní orin tí kò ní ìtumọ̀.